Oògùn họ́mónù tó ń mú ẹyin obìnrin gbó: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè kan náà ló máa ń wá láti ẹnu obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àpò oògùn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, tó délé, tó tú u sórí bẹ́ẹ̀dì, tí ọkàn rẹ̀ sì pòrúurùu. Mo ti dáhùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí, mo wá rí i pé ó sàn kí n kó wọn jọ síbì kan. Dókítà yín ló mọ ara yín. Ohun tó wà níbí á jẹ́ kí ẹ mọ ohun tí ẹ máa bi í.

Kí ni oògùn yìí ń ṣe nínú ara gan-an?

Obìnrin ní ilé ẹyin méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún ilé ọmọ, ọ̀kan lápá òsì. Inú wọn ni àwọn ẹyin wà, kálukú nínú àpò kékeré tirẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan, àpò ẹyin mélòó kan máa ń jí lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa kún fún omi, wọ́n á máa tóbi. Kókó kékeré kan tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ ló ń bọ́ wọn, pẹ̀lú họ́mónù tí wọ́n ń pè ní FSH. Ṣùgbọ́n FSH yìí kì í kárí. Èyí tó bá kọ́kọ́ yọrí nínú wọn á gba oúnjẹ mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́, òun nìkan ni yóò gbó, àwọn tó kù á rọ, wọ́n á sì kú.

Oògùn wá sọ oúnjẹ náà di púpọ̀ kí ó lè kárí. Dípò ẹyin kan, mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá lè gbó pọ̀ lóṣù kan ṣoṣo. Oògùn kò dá ẹyin tuntun kankan. Àwọn tó ti wà nílẹ̀, tí ì bá kú lóṣù yẹn, ló ń gbà là. Ẹ di èyí mú, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ìdáhùn tó wà nísàlẹ̀ ló rọ̀ mọ́ ọn.

Ṣé ẹni tó fẹ́ ṣe IVF, ìyẹn kí ẹyin àti àtọ̀ pàdé nínú láàbù, nìkan ló ń lò ó?

Rárá. Obìnrin tí ẹyin rẹ̀ kì í jáde déédéé lè lo oògùn oníhóró fún ọjọ́ márùn-ún péré, kí ẹyin kan lè jáde, kí òun àti ọkọ rẹ̀ sì gbìyànjú nílé. Àwọn kan ń lò ó pẹ̀lú IUI, níbi tí dókítà ti máa ń fi àtọ̀ tí wọ́n ti fọ̀ sínú ilé ọmọ. Ẹni tó fẹ́ fi ẹyin pamọ́ de ọjọ́ iwájú ń lò ó, ẹni tó fẹ́ fi ẹyin ta ẹlòmíràn lọ́rẹ náà ń lò ó.

Iye ẹyin tí wọ́n ń wá ni kò dọ́gba. Ẹni tó fẹ́ lóyún nílé tàbí nípa IUI, ẹyin kan la fẹ́ fún un, ó pọ̀ tán méjì. Bí mẹ́rin bá gbó, ìbẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè wọlé, ewu ńlá sì ni fún ìyá àti fún àwọn ọmọ. Ní ti IVF, ìta ara ni ẹyin àti àtọ̀ ti ń pàdé, iye ọlẹ̀ tí wọ́n máa dá padà sínú ilé ọmọ sì wà lọ́wọ́ yín àti dókítà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè wá púpọ̀.

Kí ló dé tí wọn ò kàn dúró de ẹyin kan tí ara mú wá fúnra rẹ̀?

Ó ṣeé ṣe. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ IVF àkọ́kọ́ láyé ṣe wá. Ẹyin kan ṣoṣo tí ara ìyá Louise Brown mú wá fúnra rẹ̀ ni Robert Edwards, Patrick Steptoe àti Jean Purdy lò, wọ́n sì bí ọmọ náà ní Oldham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 25 Oṣù Keje 1978. Ní ti Elizabeth Carr, ọmọ IVF àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní 28 Oṣù Kejìlá 1981, abẹ́rẹ́ họ́mónù ni wọ́n fi mú ẹyin ìyá rẹ̀ gbó. Ọ̀nà kejì yìí ló gbilẹ̀.

Ìdí rẹ̀ ni pé ẹyin ń dín kù ní gbogbo ìpele. Kì í ṣe gbogbo èyí tí wọ́n kó ló gbó, kì í ṣe gbogbo èyí tó gbó ló máa gba àtọ̀, kì í ṣe gbogbo èyí tó gba àtọ̀ ló máa dàgbà débi tí wọ́n lè dá a padà. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyin kan, ìṣísẹ̀ kan ṣoṣo tó bá yẹ̀, oṣù náà ti lọ nìyẹn.

Orúkọ oògùn pọ̀ jù, wọ́n dà pọ̀ mọ́ mi lójú. Èwo ni èwo?

Ẹ gbàgbé orúkọ ná, ẹ pín wọn sí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Iṣẹ́ mẹ́rin ló wà.

Àwọn àkọ́kọ́ ni amẹ́yindàgbà. Oníhóró wà nínú wọn, ìyẹn clomiphene àti letrozole. Abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, bíi Gonal-f àti Puregon tí wọ́n jẹ́ FSH nìkan, àti Menopur tó ní FSH àti LH, họ́mónù kejì láti ara kókó ìsàlẹ̀ ọpọlọ, pọ̀. Àwọn kejì ni adènà, tí kì í jẹ́ kí ẹyin jáde kí ọjọ́ tó pé: Cetrotide àti Orgalutran wà lápá kan, buserelin, leuprolide àti triptorelin wà lápá kejì. Ẹ̀kẹta ni abẹ́rẹ́ àṣekágbá, èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní trigger; Ovitrelle àti Pregnyl ló wọ́pọ̀ jù, hCG, họ́mónù tí oyún máa ń ṣe, sì ni àwọn méjèèjì. Ẹ̀kẹrin ni progesterone, tó ń mú inú ilé ọmọ dúró dáadáa lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó ẹyin. Abẹ́rẹ́ ni, tàbí kóró tí wọ́n ń fi sí ojú ara, tàbí jẹ́ẹ̀lì.

Bí ẹ bá ti gba oògùn, ẹ mú gègé, ẹ kọ iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe sára páálí rẹ̀ ní èdè tó yé yín. Mo mọ̀ pé ó dà bí ohun kékeré. Àṣìṣe tó ń ká obìnrin lára jù nínú ìtọ́jú yìí, bíi kí wọ́n gún abẹ́rẹ́ àṣekágbá lálẹ́ tí ó yẹ kí wọ́n gún adènà, irú gègé báyìí ló ń dá a dúró.

Níbo ni họ́mónù inú abẹ́rẹ́ ti ń wá?

Obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró máa ń ní FSH àti LH púpọ̀ lára, nítorí ọpọlọ ṣì ń pe ilé ẹyin tí kò dáhùn mọ́. Inú ìtọ̀ ni èyí tó ṣẹ́ kù ń bá jáde. Inú ìtọ̀ irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ oògùn yìí, àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn tó ń gbé ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ní Ítálì sì wà lára àwọn tó fi ìtọ̀ sílẹ̀. Dókítà Bruno Lunenfeld ní Ísírẹ́lì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi wo obìnrin. Ní 1962 ni wọ́n bí ọmọ àkọ́kọ́ láti ara ìtọ́jú náà. Menopur ṣì ń wá láti inú ìtọ̀ títí dòní, wọ́n kàn ń fọ̀ ọ́ mọ́ ju ti àtijọ́ lọ ni.

Láti àárín àwọn ọdún 1990 ni èyí tí wọ́n ń ṣe nínú láàbù ti jáde. Wọ́n fi ìlànà FSH ènìyàn sínú sẹ́ẹ̀lì ẹranko, sẹ́ẹ̀lì náà á sì máa pèsè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni Gonal-f àti Puregon ṣe ń wá. Ẹ má ṣe ba ara yín lọ́kàn jẹ́ lórí èwo ló dára jù: ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ní ti bíbí ọmọ kò tó nǹkan.

Wọ́n fún mi ní letrozole. Ìwé inú páálí sọ pé oògùn jẹjẹrẹ ọyàn ni. Ṣé wọn ò ṣì í fún mi?

Wọn ò ṣì í. Letrozole ń dá iṣẹ́ ohun kan dúró nínú ara, ohun tí ara fi ń ṣe estrogen, họ́mónù obìnrin tí àpò ẹyin ń tú jáde. Nínú obìnrin tó ní irú jẹjẹrẹ ọyàn tí estrogen ń bọ́, ó ń fi ebi pa jẹjẹrẹ náà. Nínú obìnrin tó ń wá ọmọ, tó lò ó fún ọjọ́ márùn-ún péré, ọpọlọ á rí i pé estrogen wálẹ̀, á rò pé ilé ẹyin ń sùn, á sì da FSH tirẹ̀ sílẹ̀ sí i. Ẹyin á jí. Oògùn náà á sì ti kúrò lára kí oyún tó wọlé.

Clomiphene ti pẹ́ ju letrozole lọ. Láti 1967 ni Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí i, òun náà ń tan ọpọlọ jẹ ni, àmọ́ ó máa ń pẹ́ lára, ó sì lè mú kí ara inú ilé ọmọ tín-ín-rín. Fún obìnrin tó ní PCOS, ìṣòro họ́mónù tí àpò kéékèèké fi ń pọ̀ nínú ilé ẹyin tí ẹyin kì í sì í jáde déédéé, letrozole ló ń borí: nínú ìwádìí kan tí wọ́n ṣe pẹ̀lú obìnrin 750 ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2014, 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo letrozole ló bímọ, 19.1 ni ti clomiphene. Bí ẹ bá ń lo clomiphene tí ojú yín ń ṣe bàìbàì tàbí tí ẹ ń rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà, ẹ dá a dúró, kí ẹ sì pe dókítà lọ́jọ́ náà.

Ṣé oògùn yìí kò ní tán ẹyin mi kí ọjọ́ tó pé?

Kò ní tán an. Nǹkan bí mílíọ̀nù kan sí méjì ẹyin ni ọmọbìnrin ní nígbà tí wọ́n bí i. Nígbà tí yóò fi bàlágà, ó ti ku bí 300,000 sí 400,000. Nínú gbogbo ìyẹn, bí 400 péré ni yóò jáde ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Àwọn yòókù ń kú lóṣooṣù, yálà ẹ lóyún o, yálà ẹ ń lo oògùn ìfètòsọ́mọbíbí o, yálà ẹ kò ṣe ohunkóhun. Lára àwọn tó ti wà lójú ọ̀nà ikú lóṣù yẹn ni oògùn ti ń mú. Ti oṣù tó ń bọ̀ ṣì wà níbi tí wọ́n wà.

Ọ̀rẹ́ mi ń gún FSH yúnìtì 150 lójúmọ́, èmi ń gún 300. Ṣé tèmi burú ni?

Ohun mẹ́ta ni dókítà máa ń wò jù: ọjọ́ orí yín, iye àpò ẹyin kéékèèké tí síkáànù rí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, àti họ́mónù kan tí wọ́n ń pè ní AMH nínú ẹ̀jẹ̀. Bí AMH bá ga tí àpò kéékèèké sì pọ̀, oògùn díẹ̀ ló máa jí púpọ̀, ìwọ̀n kékeré ni wọ́n máa fún yín kí ara má bàa ṣàṣejù. Bó bá kéré, wọ́n á fi kún un. Ìwọ̀n ara, àti bí ara ṣe dáhùn nígbà tó kọjá, tún ń dá sí i.

Oògùn kan náà kọ́ ni gbogbo yín ń lò pàápàá. Follitropin delta, tí òun náà jẹ́ abẹ́rẹ́ FSH, máíkírógíráàmù ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe yúnìtì bíi ti àwọn tó kù, nítorí náà nọ́ńbà rẹ̀ máa ń kéré lójú. Corifollitropin alfa, irú FSH mìíràn, ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ méje pẹ̀lú abẹ́rẹ́ kan. Kí ẹ máa fi nọ́ńbà yín wé ti ẹlòmíràn, ìdààmú ọkàn lásán ni.

Bí 300 bá dára, ṣé 450 kò ní sàn jù?

Mo mọ ohun tó ń bí ìbéèrè yìí: obìnrin tí síkáànù rí àpò mẹ́ta fún, tó ń fẹ́ kí wọ́n ṣáà ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé oògùn kò dá ẹyin. Bí àpò mẹ́ta ló jí lóṣù yẹn, FSH tó tó á bọ́ mẹ́ta. Èyí tó lé kò rí ẹni bọ́. Nínú ìlànà ESHRE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ọmọ bíbí ní Yúróòpù, wọn kò dá a lábàá pé kí ẹni tí wọ́n ti mọ̀ pé ara rẹ̀ kì í dáhùn púpọ̀ gba ju 300 lọ lójúmọ́.

Ẹyin mẹ́ta tó dára lè di ọmọ. Iye yàtọ̀ sí dídára, ọjọ́ orí ló sì ń sọ púpọ̀ nípa dídára. Kò sí ìwọ̀n abẹ́rẹ́ tó ń yí ìyẹn padà. Ẹni tó bá ń ta ohun tó ní ó ń sọ ẹyin di ọ̀dọ́ padà fún yín, ẹ fi ìṣọ́ra gba ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ mélòó ni gbogbo rẹ̀, kí sì ni wọ́n ń wò ní síkáànù léraléra?

Abẹ́rẹ́ amẹ́yindàgbà sábà máa ń gba ọjọ́ 8 sí 14. Ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta nǹkan oṣù ni ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọjọ́ mélòó kan bá ti kọjá, síkáànù á wá léraléra, ní ọjọ́ méjì méjì tàbí mẹ́ta mẹ́ta, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì lè tẹ̀ lé e.

Wọ́n ń wọn àpò ẹyin kọ̀ọ̀kan ni. Àpò tó ń ṣe dáadáa máa ń fi mìlímítà kan sí méjì tóbi lójúmọ́. Nígbà tí méjì tàbí mẹ́ta bá tó mìlímítà 17 sí 18, àkókò abẹ́rẹ́ àṣekágbá ti tó. Wọ́n tún ń wo bí ara inú ilé ọmọ ṣe nípọn tó. Bí wọ́n bá yí ìwọ̀n oògùn yín padà láàárín, ẹ má fòyà. Ìdí tí wọ́n fi ń pè yín wá náà nìyẹn.

Ṣé mo lè fi ọwọ́ ara mi gún un?

Ẹ lè gún un, ọ̀pọ̀ ló sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín, kúkúrú ni, abẹ́ awọ ikùn ló ń wọ̀. Ẹ jìnnà sí ìdodo ní ìwọ̀n ìka méjì, ẹ máa pààrọ̀ ọ̀tún àti òsì. Ẹ fọwọ́, ẹ fi spírítì nu ojú ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, nítorí spírítì tí kò tíì gbẹ ló máa ń ta yín ju abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ fi ìka méjì ṣá ara mú, ẹ gún un, ẹ tẹ oògùn wọlé díẹ̀díẹ̀, ẹ ka iye tí ìwé oògùn ní kí ẹ kà kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ má fi ọwọ́ ra á.

Bí oògùn yín bá jẹ́ èyí tó ní ìyẹ̀fun, tí wọ́n sì ní kí ẹ lo ìgò mélòó kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ bi nọ́ọ̀sì bóyá omi ìpò kan ṣoṣo lè po gbogbo wọn. Pẹ̀lú Menopur, ó ṣeé ṣe. Abẹ́rẹ́ kan dípò mẹ́ta ní alaalẹ́, ìtura gidi ni. Progesterone olóróró máa ń wọ inú iṣan ìdí, ìyẹn sì nílò ọwọ́ ẹlòmíràn.

Iná lọ, fíríìjì gbóná. Ṣé oògùn ti bàjẹ́?

Ó ṣeé ṣe kó má tíì bàjẹ́. Inú òtútù ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ibùgbé ọ̀pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn pẹ́ẹ̀nì FSH bíi Gonal-f àti Puregon lè wà ní ìta fíríìjì fún oṣù mẹ́ta bí ibẹ̀ kò bá gbóná ju 25 lọ. Ẹ kọ ọjọ́ tí ó jáde síta sára rẹ̀. Kí ó dì ló burú jù: oògùn tó bá ti dì bíi yìnyín, ẹ má lò ó mọ́, kódà bó bá ti yọ́. Ẹ má ṣe gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí fíríìjì ti ń dì. Tó bá jẹ́ ooru ló mú un, ẹ ka ìwé inú páálí, kí ẹ pe ilé ìwòsàn kí ẹ tó dà á nù.

Mo gbàgbé abẹ́rẹ́ àná. Kí n gún méjì lónìí?

Ẹ má gún méjì. Ẹ pe ilé ìwòsàn. FSH tí ẹ fi wákàtí díẹ̀ pẹ́ gún kì í sábà ba nǹkan jẹ́. Adènà tí ẹ gbàgbé léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pè wọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ òru. Ẹ má fi ìtìjú dákẹ́. Nọ́ọ̀sì tó bá gbọ́ lónìí lè tún un ṣe. Tó bá jẹ́ ọjọ́ tí wọ́n ń kó ẹyin ló tó mọ̀, kò sí ohun tó lè ṣe mọ́.

Wọ́n fún mi ní oògùn tó ń ti ẹyin síwájú, wọ́n tún fún mi ní èyí tó ń dá a dúró. Ṣé wọn ò ta kora?

Ó jọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Nígbà tí àpò púpọ̀ bá ń dàgbà pọ̀, estrogen tí wọ́n ń tú jáde máa ń pọ̀ gan-an. Ọpọlọ á rí estrogen yìí, á gbà pé ẹyin ti gbó, á sì tú LH jáde lójijì. LH ló ń ṣílẹ̀kùn fún ẹyin. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí lánàá, tí wọ́n sì fẹ́ kó ẹyin lọ́la, wọn ò ní bá nǹkan kan nínú àpò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ IVF, ọ̀pọ̀ ìtọ́jú ló já sí pàbó lọ́nà yìí.

Adènà kì í dá ìdàgbà ẹyin dúró, LH yẹn ló ń dá dúró. Ọ̀nà méjì ló gbà ń ṣe é. Buserelin àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ ru kókó ìsàlẹ̀ ọpọlọ sókè, kó tó wá rẹ̀ ẹ́ tí kò ní lè tú nǹkan jáde mọ́. Ìyẹn ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú nǹkan oṣù nínú ìlànà gígùn. Cetrotide àti Orgalutran ń ti ilẹ̀kùn láàárín wákàtí díẹ̀, nítorí náà ọjọ́ karùn-ún tàbí ìkẹfà abẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbogbo èyí ì bá má ṣeé ṣe bí kò bá ṣe iṣẹ́ Roger Guillemin àti Andrew Schally, tí wọ́n tú àṣírí GnRH, họ́mónù ọpọlọ tó ń darí kókó yẹn. Wọ́n pín nínú ẹ̀bùn Nobel ti ìmọ̀ ìṣègùn ní 1977.

Kí ló dé tí wọ́n fi ní aago mẹ́sàn-án géérégé ni kí n gún àṣekágbá?

Nítorí abẹ́rẹ́ yìí ni ó ń parí gbígbó ẹyin, tí ó sì ń tú u kúrò lára ògiri àpò. Ó gba wákàtí 34 sí 36. Bí wọ́n bá kó o ṣáájú, ẹyin kò tíì gbó tán. Bí wọ́n bá pẹ́ jù, ẹyin ti jáde lọ. Ẹni tó gún un ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ajé, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́rú ni wọ́n ń retí rẹ̀. Nínú gbogbo abẹ́rẹ́, èyí nìkan ni ìṣẹ́jú ti ṣe pàtàkì. Ẹ yí aago ìdágìrì méjì sí i, kí ẹlòmíràn nínú ilé sì mọ̀. Bí aago bá ti kọjá kí ẹ tó rántí, ẹ gún un, kí ẹ kọ àkókò gan-an tí ẹ gún un sílẹ̀, kí ẹ sì pè wọ́n lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n lè sún àkókò kíkó ẹyin.

Mo yẹ ìtọ̀ wò ní ọjọ́ karùn-ún lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àṣekágbá, ó ní mo lóyún. Lẹ́yìn náà ó ní n kò lóyún. Ṣé oyún ló bàjẹ́?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé oògùn lẹ rí. hCG tó wà nínú abẹ́rẹ́ àṣekágbá ni ohun kan náà tí àyẹ̀wò oyún ń wá, ó sì lè wà lára fún ọjọ́ 10 sí 14. Mo mọ bí dídúró ṣe le tó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró de ọjọ́ tí ilé ìwòsàn dá.

Àpò 14 ni síkáànù rí, ẹyin 8 ni wọ́n kó. Níbo ni mẹ́fà lọ?

Síkáànù kì í rí ẹyin. Ẹyin kéré jù fún un. Omi inú àpò ló ń rí. Àwọn àpò tí kò tíì tóbi tó máa ń di ẹyin wọn mú, àwọn mìíràn ní ẹyin tó ti kú. Nínú mẹ́jọ, mẹ́fà tó bá gbó ti dára. Ẹ bèèrè iye tó gbó, òun ni nọ́ńbà tó wúlò.

Kí ni ara mi máa ṣe?

Ikùn á wú díẹ̀, á sì máa wúwo nísàlẹ̀, nítorí ilé ẹyin tó tóbi bí èso kékeré ti di ńlá. Ọyàn lè máa ro, orí lè máa fọ́, inú lè máa tètè bí yín, ẹkún lè sún mọ́ ojú. Ẹni tó ń lo clomiphene tàbí buserelin lè máa gbóná lójijì. Ìwúwo tí ẹ bá rí lórí òṣùwọ̀n, omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, á sì lọ.

Ẹ má sáré, ẹ má fò, ẹ má gbé ẹrù wíwúwo nígbà tí ilé ẹyin bá ti tóbi, torí ó lè lọ́ mọ́ ara rẹ̀. Ìrora líle lójijì lápá kan ikùn pẹ̀lú èébì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, ẹ má dùbúlẹ̀ dè é. Fún ìrora kékeré, paracetamol ni kí ẹ lò, ẹ má fi ọwọ́ kan ibuprofen láìbéèrè. Oògùn eléwé tí ẹ bá ń lò, ẹ sọ ọ́ fún dókítà.

Kí ni OHSS, báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bó bá dé?

Èyí ni ewu tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ mọ̀. Nígbà mìíràn ilé ẹyin máa ń dáhùn ju bó ṣe yẹ lọ. hCG wá jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ máa jò, omi á kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, á dà sínú ikùn, nígbà mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀jẹ̀ á nípọn, ó sì lè dì. Èyí tó fúyẹ́ wọ́pọ̀, ó sì ń lọ fúnra rẹ̀. Èyí tó le kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó lè pani bí wọ́n bá fi í sílẹ̀.

Àmì tí kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì: ikùn tó ń wú kíákíá, ìwọ̀n ara tó fi kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lé lọ́jọ́ kan, ìtọ̀ tó ń dín kù tó sì dúdú, èémí tí kò já gaara, èébì tí kò dáwọ́ dúró, ẹsẹ̀ kan tó wú tó ń dunni. Ó lè wá láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àṣekágbá, tàbí kó wá ní bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ bí oyún bá ti wọlé, nítorí oyún náà ń ṣe hCG tirẹ̀. Ẹni tó ní PCOS, ẹni tí AMH rẹ̀ ga, àti ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ tín-ín-rín ló wà nínú ewu jù.

Dókítà ní ohun ìjà. Ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n kékeré àti adènà bíi Cetrotide, èyí tó fún un láàyè láti lo triptorelin tàbí leuprolide fún àṣekágbá dípò hCG. LH tí ìyẹn ń tú jáde kì í pẹ́ lára, ewu náà sì máa ń lọ sílẹ̀ gan-an. Ó lè fi gbogbo ọlẹ̀ sínú òtútù kí ara yín balẹ̀ fún oṣù kan tàbí méjì kí ó tó dá ọ̀kan padà. Ó lè fún yín ní cabergoline, oògùn tó ń dín jíjò iṣan ẹ̀jẹ̀ kù. Bí ẹ bá ní PCOS tí ẹnikẹ́ni kò sì tíì bá yín sọ̀rọ̀ nípa èyí kí abẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ béèrè.

Wọ́n dá ìtọ́jú mi dúró láàárín. Kí ni mo ṣe?

Ẹ kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n máa ń dá a dúró nítorí àpò kò dàgbà tó, tàbí nítorí wọ́n pọ̀ jù tí OHSS ń bọ̀, tàbí nítorí ẹyin ti jáde. Ó máa ń dunni bí ẹni pé nǹkan kú, mi ò ní sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n dókítà ti rí ohun tí kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀: bí ilé ẹyin yín ṣe ń dáhùn. Ẹ béèrè ohun tí yóò yí padà nígbà mìíràn, ìwọ̀n ni, adènà ni, tàbí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ní kò sí nǹkan tí yóò yí padà, ẹ béèrè ìdí.

Ṣé ọkùnrin náà ń lo irú oògùn yìí?

Bẹ́ẹ̀ ni, fún àwọn kan. Ọkùnrin tí kókó ìsàlẹ̀ ọpọlọ rẹ̀ kò ṣe FSH àti LH tó lè gún hCG, kí wọ́n sì fi FSH kún un, ó sì ń gba oṣù púpọ̀, nítorí àtọ̀ tuntun ń gba bí oṣù méjì àbọ̀ sí mẹ́ta kí ó tó parí. Ohun kan tó yẹ kí gbogbo tọkọtaya gbọ́ ni pé testosterone tí ọkùnrin ń gún fún agbára tàbí iṣan ara ń pa iṣẹ́ àtọ̀ rẹ̀ ni. Bó bá ń lò ó, kí ó sọ fún dókítà kí ẹnikẹ́ni tó gún yín ní abẹ́rẹ́ kan.

Ṣé kò ní fa jẹjẹrẹ fún mi lẹ́yìn ọ̀la?

Ìwádìí ńlá tó tẹ̀ lé àwọn obìnrin fún ọ̀pọ̀ ọdún kò fi hàn pé abẹ́rẹ́ yìí ń mú kí jẹjẹrẹ ọyàn pọ̀ sí i. Ti ilé ẹyin ló ní ìyàtọ̀ díẹ̀. Obìnrin tí kò rí ọmọ bí, ewu jẹjẹrẹ ilé ẹyin tirẹ̀ ga díẹ̀, yálà ó lo oògùn tàbí kò lò ó, èyí sì jẹ́ kó ṣòro láti ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Àwọn ìwádìí kan rí i pé irú kókó ilé ẹyin kan tó wà ní ààlà láàárín jẹjẹrẹ àti èyí tí kì í ṣe jẹjẹrẹ, tí kì í sábà pani, pọ̀ díẹ̀ lára àwọn tó lo oògùn. Ohun tó kéré ni, kódà bó bá pọ̀ sí i díẹ̀. Bí ìyá tàbí arábìnrin yín bá ti ní jẹjẹrẹ ọyàn tàbí ti ilé ẹyin, ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí jẹjẹrẹ ọyàn lára mi, mo sì fẹ́ fi ẹyin pamọ́ kí kẹ́mò, oògùn líle tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ, tó bẹ̀rẹ̀. Ṣé estrogen kò ní bọ́ jẹjẹrẹ náà?

Ìbẹ̀rù yín tọ́, wọ́n sì ti rò ó. Wọ́n lè fi letrozole kún FSH láti ọjọ́ àkọ́kọ́: àwọn àpò á máa dàgbà, ṣùgbọ́n estrogen inú ẹ̀jẹ̀ á wà nílẹ̀, súnmọ́ ti oṣù tí ẹnikẹ́ni kò lo oògùn. Wọ́n tún lè lo triptorelin fún àṣekágbá kí OHSS má bàa fa kẹ́mò sẹ́yìn.

Ẹ kò ní láti dúró de nǹkan oṣù. Ọjọ́ yòówù tí ẹ bá wà nínú oṣù ni wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́, nítorí àwọn àpò kéékèèké ń jí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín oṣù kan. Ọ̀sẹ̀ méjì sábà máa ń tó láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ dé ọjọ́ tí ẹyin wà nínú òtútù. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kò sí mọ́ bí kẹ́mò bá ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ tí dókítà jẹjẹrẹ bá dárúkọ kẹ́mò gan-an ni kí ẹ ní kí ó kọ ìwé sí dókítà ọmọ bíbí, kí àwọn méjèèjì sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀.